Kí Orúkọ Ṣáájú Oríta

(Ọ̀rọ̀ tí a sọ níwájú Ẹgbẹ́ ní ìpàdé oṣù)



Nígbà tí a kéde pé àwa ni yóò sọ̀rọ̀ ní oṣù yìí, a gbọ́ pé ọ̀pọ̀ nínú yín rò pé ogun Kírìjì ni a ó tún sọ, tàbí ọ̀rọ̀ Alárá àti Ajerò gẹ́gẹ́ bí àwọn babaláwo ti máa ń dárúkọ wọn pọ̀. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ọ̀rọ̀ pátákó ni a mú wá: pátákó tí a ń kọ orúkọ ọ̀nà sí, àti ibi tí ó yẹ kí a rì í mọ́lẹ̀. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má tíì rẹ́rìn-ín.

Kò sí ẹnikẹ́ni nínú wa tí kò mọ ohun tí ewé tútù ojú títì túmọ̀ sí. Bí ọkọ̀ àjàgbé kan bá dákú sí ojú òkè láàrin Àrámọ̀kọ̀ àti Ẹfọ̀n, ohun àkọ́kọ́ tí ọmọ ẹ̀yìn ọkọ̀ yóò ṣe ni pé yóò fa àdá yọ, yóò gé ẹ̀ka igi, yóò sì máa tò ó sí ojú ọ̀nà. Níbo ni ó ń tò ó sí? Kì í ṣe ní ìdí ọkọ̀ náà. Yóò rìn padà sẹ́yìn, yóò kọjá kọ́nà tí ó fi ọkọ̀ pamọ́, yóò tún rìn díẹ̀ sí i, kí ẹni tí ń bọ̀ lè rí ewé kí ó tó rí ọkọ̀. Kò sí olùkọ́ tí ó kọ́ ọmọ náà ní ilé ẹ̀kọ́. Ó kàn mọ̀ pé bí òun bá kó gbogbo ewé náà jọ sí ìdí ọkọ̀, ìgbà tí awakọ̀ mìíràn yóò fi rí i, kò ní lè ṣe ohunkóhun mọ́.

Ọgbọ́n yìí kò bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ọkọ̀. Àwọn bàbá wa tí ń rin ọ̀nà oko ní àkókò tí kò sí títì, bí wọ́n bá dé ibi tí ọ̀nà gbé pínyà, ẹni tí ó ṣáájú a já ewé, a fi dí ẹnu ọ̀nà tí òun kò gbà, kí ẹni tí ń bọ̀ lẹ́yìn má baà ṣìnà. Ewé ni ó ń sọ̀rọ̀ fún ẹni tí kò sí níbẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni màrìwò ń kìlọ̀ fún ọ̀gbẹ̀rì kí ó tó dé igbó tí kò gbọdọ̀ wọ̀. A ti mọ ọ̀ràn àmì tipẹ́tipẹ́ ní ilẹ̀ yìí, a sì mọ̀ pé iwájú ni àmì gbọ́dọ̀ wà.

Ṣùgbọ́n ẹ wo bí a ti ń ṣe ti orúkọ ọ̀nà. Ibi tí pátákó orúkọ bá tilẹ̀ wà rárá, ẹnu oríta gan-an ni ẹ ó ti bá a, tàbí lára ògiri ilé kan lábẹ́ òrùlé, tí ó kọjú sí ẹ̀gbẹ́. Awakọ̀ kò ní lè kà á títí yóò fi dé ibi tí ó yẹ kí ó ti yà. Elòmíràn tilẹ̀ wà tí ó jẹ́ pé àwòrán ẹni tí ń du ipò ni a lẹ̀ bò ó, tí orúkọ sì di ohun àtijọ́ títí ìbò yóò fi parí, àti lẹ́yìn ìbò pẹ̀lú.

A ní ìdí tí a fi ń sọ èyí. Ní ìgbà ẹ̀rùn ọdún 2022, àwa márùn-ún láti inú Ẹgbẹ́ yìí ń ti Adó lọ sí ìsìnkú kan ní Ẹfọ̀n. Ọmọ Ẹ̀gbá ni awakọ̀ wa, ènìyàn jẹ́jẹ́ tí kì í mu ọtí, tí kì í sì í sáré. A ti kọjá Ìyìn, a ti kọjá Ìgèdè, a ti kọjá Àrámọ̀kọ̀. Ilẹ̀ ti ń ṣú. Ẹ̀yin tí ẹ mọ ọ̀nà náà mọ̀ pé bí ènìyàn bá dé Ìtawúrẹ́, ọ̀nà pínyà: ẹ̀ka kan ń lọ sí Ẹfọ̀n, èkejì ń lọ sí ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà. Awakọ̀ wa bi wá léèrè pé, “Ẹ̀yin bàbá, ṣé a ti dé ibi tí a ó ti yà?” Ẹnì kan nínú wa ní ó kù díẹ̀. Ẹnì kejì, tí ó ti ń tòògbé, la ojú, ó sì kígbe pé a ti kọjá rẹ̀! Ọmọ náà tẹ bíréèkì mọ́lẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi ẹ̀yìn rìn. Ọkọ̀ tí ó gbé pákó wà lẹ́yìn wa, a kò mọ̀.

Ọlọ́run ni ó yọ wá. Ọkọ̀ pákó náà yẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kòtò, ó gé dígí etí ọkọ̀ wa lọ, ó sì dúró ní ìwọ̀n apá kan sí ibi tí obìnrin kan gbé àtẹ àgbàdo sísè lé. Ohun tí awakọ̀ pákó náà sọ sí wa, a kò ní tún un sọ nínú ìwé Ẹgbẹ́. Ṣùgbọ́n ohun tí ọmọ Ẹ̀gbá náà sọ nígbà tí ara rẹ̀ balẹ̀ ni ó mú wa wá síwájú yín lónìí. Ó ní, “Ẹ má bínú, ẹ̀yin bàbá. N kò rí ohunkóhun kà.” Àwa tí a bí sí ẹkùn yìí ni ó sì ń bẹ̀, àwa tí a jókòó sẹ́yìn rẹ̀ tí ẹnu wa kò kò lórí oríta tí a ti ń kọjá láti ìgbà èwe wa.

Ẹ jẹ́ kí a fi ìṣirò sí i, nítorí àwọn olùkọ́ pọ̀ ní àárín wa. Ọkọ̀ tí ń lọ ní kìlómítà 80 ní wákàtí kan ń rin mítà 22 ní ìṣẹ́jú àáyá kan ṣoṣo. Lórí ilẹ̀ gbígbẹ, bí bíréèkì rẹ̀ bá dára, kò lè dúró pátápátá kí ó tó rìn bíi mítà 53 láti ìgbà tí awakọ̀ ti rí ohun tí ó mú un dúró. Nísinsìnyí, ẹ wá wo lẹ́tà ara pátákó. Àwọn onímọ̀ títì ní Amẹ́ríkà ní ìwọ̀n kan tí wọ́n ń lò: lẹ́tà tí gíga rẹ̀ jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 15, ojú tí ó dá lè kà á láti nǹkan bíi mítà 55. Èyí túmọ̀ sí pé ẹni tí ń lọ ní 80 ní ìṣẹ́jú àáyá méjì àbọ̀ láti kà á kí ó tó kọjá lára rẹ̀. Bí pátákó náà bá wà ní ẹnu oríta gan-an, inú ìṣẹ́jú àáyá méjì àbọ̀ yìí ni yóò ti kà á, tí yóò rò ó, tí yóò wo ẹ̀yìn, tí yóò fi àmì hàn, tí yóò dẹ eré, tí yóò sì yà. Kò ṣe é ṣe. Ohun tí awakọ̀ ń ṣe dípò rẹ̀ ni ohun tí ọmọ Ẹ̀gbá wa ṣe. Àwọn kan nínú yín sì mọ̀ pé lẹ́tà tí a ń rí ní ìlú wa kò tó sẹ̀ǹtímítà 15. A ti rí èyí tí kò ju ìka ọwọ́ lọ.

A kò sì tíì sọ ti àwọn tí ojú wọn ti ń di bàìbàì. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn àgbà tí ó jókòó níwájú yìí ṣì ń wa ọkọ̀ fúnra wọn. A kò ní tọ́ka sí ẹnikẹ́ni.

Ohun tí a ń béèrè rọrùn: kí a ri pátákó kan mọ́lẹ̀ kí awakọ̀ tó dé oríta, tí yóò sọ orúkọ ọ̀nà tí ó wà níwájú fún un, kí a sì fi òmíràn sí ẹnu oríta náà pẹ̀lú orúkọ kan náà. Ní Amẹ́ríkà, ìwé òfin àmì ojú ọ̀nà wọn mọ irú pátákó yìí, ó sì yà á sọ́tọ̀ kúrò lára èyí tí ó wà ní ìkóríta fúnra rẹ̀. Ní ọdún 2009, ẹ̀ka ìjọba wọn tí ń bójú tó títì tẹ ìwé ìwádìí kan jáde lórí ọ̀ràn yìí, lórí àwọn oríta tí ó ní iná ìdarí ọkọ̀ ní ìpínlẹ̀ Arizona, Massachusetts àti Wisconsin. A kò fẹ́ tàn yín jẹ: ohun tí wọ́n rí kì í ṣe iṣẹ́ ìyanu. Ìjàǹbá ọkọ̀ méjì tí ń fi ẹ̀gbẹ́ gbá ara wọn, irú èyí tí ń ṣẹlẹ̀ nígbà tí ẹnì kan bá sáré yípadà nítorí pé ó ṣẹ̀ṣẹ̀ rí ọ̀nà rẹ̀, ni èrè náà gbé hàn jùlọ. Pátákó kò lè tún bíréèkì tí ó ti bàjẹ́ ṣe, kò lè dí kòtò, kò sì lè mú ọtí kúrò lójú ọ̀mùtí. Àwọn Ẹ̀ṣọ́ Ojú Pópó tí ìjọba dá sílẹ̀ ní ọdún 1988 ní iṣẹ́ tiwọn láti ṣe lórí ìwọ̀nyí. Ṣùgbọ́n ìjàǹbá tí ń ti inú àìmọ̀nà wá, tí ènìyàn rere pẹ̀lú ọkọ̀ rere lè kó sí, pátákó tó ìwòsàn rẹ̀.

Ẹnì kan ti bi wá pé, fún ta ni? Ó ní ọmọ ilẹ̀ mọ ọ̀nà, àlejò sì lè béèrè. Ẹ jẹ́ kí a dáhùn. Lákọ̀ọ́kọ́, àwọn àlejò pọ̀ ní ọ̀nà wa ju bí a ti rò lọ. Wọ́n ń wá sí Ìkọ́gòsì láti wo ibi tí omi gbígbóná àti omi tútù gbé pàdé. Wọ́n ń wá sí ìṣàn omi Àríǹta ní Ìpólé-Ìlórò. Àwọn ọmọ ìjọ ń wá sí Ẹfọ̀n láti ibi gbogbo nítorí Wòlíì Ayọ̀ Babalọlá tí a sin síbẹ̀ ní ọdún 1959. Àwọn ọmọ wa tí a bí sí Èkó àti London pẹ̀lú jẹ́ àlejò lórí títì, ẹ má jẹ́ kí a tan ara wa. Èkejì, ta ni àlejò yóò béèrè lọ́wọ́ rẹ̀? Àwọn tí ó dúró sí oríta ni. Oríta ni ọjà wa, nítorí ibẹ̀ ni ọkọ̀ gbé ń dẹ eré. Ibẹ̀ ni àwọn obìnrin gbé ń ta ọ̀gẹ̀dẹ̀ àti ẹran ìgbẹ́, ibẹ̀ ni àwọn ọlọ́kadà gbé ń dúró de èrò, ibẹ̀ ni ọmọ ilé ẹ̀kọ́ gbé ń sọ dá sí òdì kejì. Nígbà tí awakọ̀ kan bá ṣì í mọ̀, tí ó tẹ bíréèkì lójijì ní oríta, àárín àwọn wọ̀nyí ni ó ti ń tẹ̀ ẹ́. Òun fúnra rẹ̀ wà nínú irin. Obìnrin alágbàdo Ìtawúrẹ́ kò sí nínú irin. Nítorí náà ẹ má ṣe sọ pé ti àlejò ni pátákó. Ti alágbàdo ni.

Àwọn ọ̀dọ́ yóò ní fóònù ń tọ́nà. Òótọ́ ni, nígbà tí ó bá rí afẹ́fẹ́ gbà láàrin àwọn òkè wa. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ tí ó ní kí ènìyàn yà sí òpópónà báyìí-báyìí, tí a kò kọ orúkọ náà sí ibì kan lórí ilẹ̀, kí ni awakọ̀ yóò fi mọ̀ pé òun ti dé? Ẹ sì gbọ́ bí ẹ̀rọ náà ti ń pe orúkọ ìlú wa. Ó tó kí ènìyàn ṣìnà nítorí ẹ̀rín.

A wá dé ibi tí ọ̀rọ̀ yìí fi jẹ́ ti Ẹgbẹ́ wa ju ti ẹnikẹ́ni lọ, èyíinì ni orúkọ fúnra rẹ̀. Kí ni a ó kọ?

Ẹ jẹ́ kí a mú Ìdó. Bí pátákó kan bá sọ pé “Ido” nìkan, Ìdó wo ni? Ìdó-Ilé wà ní ìjọba ìbílẹ̀ kan náà pẹ̀lú Àrámọ̀kọ̀. Ìdó mìíràn sì wà tí òun àti Ọ̀sì jọ ń jẹ́ orúkọ ìjọba ìbílẹ̀ tiwọn. Ẹ mú Ìmẹ̀sí. Òkèmẹ̀sí wà, ilé Fábùnmi. Ìmẹ̀sí-Ilé wà ní Ọ̀ṣun. Ìmẹ̀sí kan tún wà ní apá ìlà-oòrùn Èkìtì. Ẹ mú Ìlórò: ọ̀kan wà pẹ̀lú Ìpólé lẹ́bàá Ìkọ́gòsì, ọ̀kan wà ní àgbègbè Ìjerò. Odò-Owá wà ní Ìjerò, Odò-Owá sì wà ní Kwara. Kì í ṣe àṣìṣe àwọn bàbá wa ni èyí. Wọ́n ṣí láti ibì kan dé ibòmíràn, wọ́n sì gbé orúkọ ilé dání gẹ́gẹ́ bí ènìyàn ti ń gbé iná lọ láti inú ààrò kan sí òmíràn. Ṣùgbọ́n ohun tí ó jẹ́ ìtàn ní ẹnu àgbà lè di ìṣìnà lójú títì. Kí a kọ orúkọ tán, nítorí náà: Ìdó-Ilé, kì í ṣe Ido, Ìpólé-Ìlórò, kì í ṣe Iloro.

Àti àmì ohùn. Àwọn kan yóò sọ pé èyí ti pọ̀ jù, pé awakọ̀ kò nílò rẹ̀. Kí wọ́n wo Ẹfọ̀n. Àwọn àgbà ń so orúkọ ìlú náà mọ́ ẹfọ̀n, ẹranko ńlá inú igbó. Bí a bá kọ “Efon” láìsí àmì, ọmọ tí ń kọ́ ìwé Yorùbá lè kà á sí ẹ̀fọn, kòkòrò tí ń fún wa ní ibà. Ó dájú pé àwọn ará Ẹfọ̀n kò fẹ́ kí a kí àlejò káàbọ̀ sí ìlú ẹ̀fọn. A gbà pé àmì ìsàlẹ̀ lẹ́tà kéré, pé ó lè sọnù lójú ẹni tí ó jìnnà. Nítorí náà kí a mú un tóbi, kí a sì jẹ́ kí àyè wà láàrin ìlà kan àti èkejì. Lẹ́tà kékeré ni kí a fi kọ ọ̀rọ̀ lẹ́yìn lẹ́tà ńlá àkọ́kọ́. Nígbà tí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tún gbogbo àmì títì rẹ̀ ṣe lẹ́yìn ìròyìn ìgbìmọ̀ kan ní ọdún 1963, ohun tí àwọn ayàwòrán wọn, Jock Kinneir àti Margaret Calvert, yàn nìyẹn fún orúkọ ìlú, nítorí ojú ń mọ ìrísí ọ̀rọ̀ kí ó tó ka lẹ́tà rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan.

Ẹ rántí àwọn ará Wales pẹ̀lú. Láti àwọn ọdún 1960 ni àwọn ọ̀dọ́ wọn ti ń fi ọ̀dà pa pátákó tí a fi èdè Gẹ̀ẹ́sì nìkan kọ rẹ́. Wọ́n lọ sí ẹ̀wọ̀n nítorí rẹ̀. Lónìí èdè wọn wà lójú gbogbo títì wọn. Àwa kò ní láti lọ sí ẹ̀wọ̀n, nítorí kò sí ẹni tí ó ń dí wa lọ́wọ́ àfi àwa fúnra wa.

Nítorí kí ni ó ń dá orúkọ dúró ní ìlú wa? Kì í ṣe owó nìkan. Ìwé òfin orílẹ̀-èdè ti ọdún 1999, nínú Àfikún Kẹrin rẹ̀, fi fífún ọ̀nà àti òpópónà ní orúkọ, àti fífi nọ́ńbà sí ilé, sí ọwọ́ ìjọba ìbílẹ̀. Agbára náà wà ní Ìjerò, ó wà ní Àrámọ̀kọ̀, ó wà ní Ẹfọ̀n. Bí ọ̀nà ńlá bá jẹ́ ti ìpínlẹ̀ tàbí ti ìjọba àpapọ̀, a gbọ́dọ̀ gba àṣẹ lọ́wọ́ ẹni tí ó ni ín kí a tó rì nǹkan mọ́ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Èyí kò le. Ohun tí ó le ni pé, bí a bá ti fẹ́ kọ orúkọ sí oríta kan, ilé mẹ́ta yóò dìde, olúkúlùkù yóò ní bàbá òun ni ó ni ibẹ̀. Olóyè kan yóò fẹ́ kí a fi orúkọ òun sọ ọ́. A ti jókòó nínú irú ìpàdé bẹ́ẹ̀ láti òwúrọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́, a sì jáde láìsí orúkọ àti láìsí pátákó.

Ìmọ̀ràn wa ni pé kí a má ṣe sọ oríta kankan ní orúkọ tuntun. Orúkọ tí àwọn alágbàdo àti ọlọ́kadà ń pè é ni kí a kọ. Bí wọ́n bá ń fi igi kan pè é, kódà bí a ti gé igi náà, igi náà ni kí a kọ. Ẹni tí ó bá fẹ́ kí a rántí bàbá òun, kí ó kọ́ ilé ìwé. A mọ̀ pé ọ̀rọ̀ yìí kò ní dùn mọ́ gbogbo ènìyàn nínú yàrá yìí.

Àwọn tí ó sì ń sọ pé àwọn ará ilẹ̀ wa kò ní kọbi ara sí pátákó, kí wọ́n rántí ọjọ́ kejì oṣù kẹrin ọdún 1972, nígbà tí gbogbo Nàìjíríà kúrò ní apá òsì títì bọ́ sí apá ọ̀tún ní ọjọ́ kan ṣoṣo. A kọ́ ọ, a sì mọ̀ ọ́n.

Ní ti iye àti ọ̀nà ìṣe: a rò pé lójú ọ̀nà tí ọkọ̀ gbé ń sáré, kí pátákó àkọ́kọ́ wà ní bíi mítà 150 sí oríta, níbi tí ọ̀nà gbé ń sọ̀ kalẹ̀ láti orí òkè, kí ó jìnnà ju bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí ọkọ̀ ẹlẹ́rù kì í tètè dúró. Láàrin ìlú, mítà 70 tó. Kí orúkọ má ṣe ju mẹ́ta lọ lórí pátákó kan. Kí a fi ohun tí ń tàn nígbà tí iná ọkọ̀ bá kàn án bo ojú rẹ̀, nítorí alẹ́ ni ó ń ṣe wá. Kí a má ṣe jẹ́ kí ẹni tí ń ta ọtí ẹlẹ́rìndòdò fi orúkọ ọjà rẹ̀ gba ìdajì rẹ̀, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé òun ni ó sanwó. Ní ti àwọn tí ń jí irin, igi tí a fi ọ̀dà kùn dáadáa ni kí a fi ṣe òpó. Wọn kò rí ẹni tà á fún.

Ìtawúrẹ́ ni a fẹ́ bẹ̀rẹ̀, láti ọ̀nà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tí ó wọ ibẹ̀. Lẹ́yìn rẹ̀, ibi tí ọ̀nà Erijìyàn àti Ìkọ́gòsì gbé yà ní Àrámọ̀kọ̀. Lẹ́yìn èyí, àwọn ẹnu ọ̀nà Ìkòrò àti Ìpotì ní Ìjerò. Akọ̀wé wa ti gbé ìwé gbọọrọ kan lé orí tábìlì ní ẹnu ọ̀nà. Kí àdúgbò kọ̀ọ̀kan kọ orúkọ oríta tirẹ̀ síbẹ̀ bí ẹnu ti ń pè é, pẹ̀lú àmì ohùn. Bí ẹnikẹ́ni kò bá mọ àmì náà, kí ó pè é sí etí àwọn olùkọ́ wa. A ó kó ìwé náà lọ sí ìjọba ìbílẹ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kí ìpàdé tí ń bọ̀ tó pé. Ẹ̀yin tí ẹ ń gba Ìtawúrẹ́ padà sí ilé lónìí, ẹ jọ̀wọ́, ẹ sọ̀ kalẹ̀ ní oríta, kí ẹ ka igba ìṣísẹ̀ padà sẹ́yìn ní ẹ̀gbẹ́ títì, kí ẹ sì wò bóyá igi kan wà tí yóò dí ojú pátákó. Ẹ mú àdá dání.